Ìka Ta Ni?

Òórùn káṣú ni mo fi ń rántí ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Kabba. Igi káṣú mẹ́rin ló wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti dé, àwọn èso tó já sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, òórùn wọn á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá ti sìpírìtì àti ti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta lo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tìrẹ, o lè máa rò pé òórùn burúkú ni. Rárá o, ó dùn mọ́ mi. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sá káṣú, ọwọ́ mi á ṣàdédé máa wá ìbọ̀wọ́ nínú àpò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí mi ni nígbà náà. Aṣọ funfun mi ṣì le gbagidi nítorí sítáàṣì, mo sì gbà pé mo mọ nǹkan. Mátíróònù tó gbà mí sí wọ́ọ̀dù jẹ́ ọmọ Egbe, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù lọ nínú páálí ló ń lò, ó sì tún máa ń ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Iye ni gbogbo wa ń pè é, bí ọmọ Òkun, ìyẹn Yorùbá agbègbè Kabba, ṣe ń pe ìyá rẹ̀. Bí ó bá wọlé láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi!” Láti orí ibùsùn kìíní dé ìkejìlá, wọ́n á dá a lóhùn pé, “Òkun o, Iye!” Àwọn tí ara ń ro gan-an á gbìyànjú láti gbé orí sókè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ pẹ̀lú.

Yàrá ìgbẹ̀bí ni Iye ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kó àṣà kan wá bá wa. O mọ̀ pé ìka làwọn àgbà agbẹ̀bí fi ń wọn bí ọ̀nà ọmọ ṣe ń ṣí: ìka méjì, ìka mẹ́ta, títí ọmọ á fi yọjú. Iye wá mú ìka yìí, ó fi ń wọn gbogbo nǹkan. Egbò ni o, kókó ni o, ibi tí iná ti jó ènìyàn ni o, ìka rẹ̀ ló máa gbé lé e, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rìpọ́ọ̀tù: ìka méjì, ìka mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kejì tó wà níbẹ̀, ọkùnrin ará Makutu kan tí àwàdà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ní àṣà tirẹ̀. Bí egbò bá mọ́ tó sì dára, á kọ pé, “Egbò ń rẹ́rìn-ín.” Bí kò bá dára, á kọ pé, “Egbò lejú koko.” Àwa tí a jọ wà níbẹ̀ mọ ohun tí oníkálukú ń wí, kò sì sí ẹni tó rò pé ewu kan wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù wà o. Wọ́n ti kó o wá fún wa tipẹ́, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Iye. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi ròyìn egbò ló wà lórí rẹ̀: gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀ rẹ̀, bóyá pupa, ìyeyè tàbí dúdú, àti omi tó ń tinú rẹ̀ jáde, bóyá kò sí, ó mọ níwọ̀n, tàbí ó pọ̀. Èyí tó bá jẹ́ ni wàá mú, o kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ tìrẹ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo yọ ọ̀kan jáde pẹ̀lú ìgboyà. Iye wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé fọ́ọ̀mù ló máa bá wa wẹ egbò ni?” Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dá fọ́ọ̀mù padà síbi tí mo ti mú un. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn fọ́ọ̀mù náà ni ará Makutu kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kó ra àkàrà bọ̀ fún wọn sí.

Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, èmi náà ti ń fi ìka wọn egbò, mo sì ń ṣe é pẹ̀lú ìdùnnú, bíi pé wọ́n ti fi mí jẹ oyè níbẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé Ìyá Télọ̀ wá. Ọmọ Kabba ni, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó gbà, sàléńsà bá jó o lójúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n fi pa ojú egbò náà nílé, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe. Ìgbà tí kò jinná, tó ń fẹ̀ sí i, ni wọ́n tó gbé e wá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ó ní àtọ̀gbẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Iná mànàmáná kò ṣe é gbójú lé, nítorí náà ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Òun ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀mí obìnrin náà dùn mọ́ni. Tépù rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí bọ́tìnì tó ń já bọ́ mọ́ lára aṣọ ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù wa. Lọ́jọ́ kan ó fi ojú pè mí, ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, kí n wọ òmíràn. “Nọ́ọ̀sì, aṣọ ta lo wọ̀ wá?” Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú fún mi kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, mo sì rí i nínú dígí pé mo ní ìbàdí. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ọmọ Iye bímọ ní Egbe. Iye gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ wẹ ọmọ, ó sì fi egbò Ìyá Télọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo tú báńdéèjì, mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo gbé ìka lé e. Ìka mẹ́rin. Mo tún un gbé, ìka mẹ́rin náà ni. Mo wo ohun tí Iye kọ kẹ́yìn, ìka mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, nítorí egbò náà pupa dáadáa, kò rùn, lójú mi ńṣe ló ń sàn. Ṣùgbọ́n mo kọ ìka mẹ́rin. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ ọ́ lọ́jọ́rú.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ń wá. Ẹni tí a mọ̀ ti rin ìrìn àjò, òmíràn ló wá dípò rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó sì béèrè ìwé rìpọ́ọ̀tù. Ó ka ìka mẹ́ta, ó ka ìka mẹ́rin. Ó dúró pẹ́ níbi “egbò ń rẹ́rìn-ín”, ó wo ojú mi bíi pé kí n ràn án lọ́wọ́, mo sì wolẹ̀. “Nọ́ọ̀sì,” ló wí, “kò burú lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò rí i rí ṣáájú òní. Ohun tí ẹ kọ nìkan ni mo ní. Ohun tí ẹ sì kọ ni pé ó ń fẹ̀.” Ó ní ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, wọn kì í fi egbò tó ń fẹ̀ ṣeré, kó má lọ wọ egungun. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́kọ́ja. Ọkọ̀ á gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

“Ti ọ̀tún yìí?” ni Ìyá Télọ̀ bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.”

Dókítà kọjá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Èmi ń palẹ̀ àwọn òwú àti báńdéèjì mọ́, omi ti ń dà lójú mi, ni mo gbọ́ tó pè mí. Ó ní kí n ka ohun tí a kọ nípa ẹsẹ̀ òun sétí òun, kí òun lè mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ gé e.

“Ìka mẹ́ta,” mo kà. “Ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́rin. Ìka mẹ́rin. Ìka mẹ́rin.”

“Ìka ta ni?”

Mi ò tiẹ̀ lóye ìbéèrè náà. “Ẹ̀n?”

“Mo ní ìka ta ni. Àwọn mẹ́ta yẹn, ta ló ni wọ́n?”

“Iye ni.”

“Àwọn mẹ́rin ńkọ́?”

“Èmi ni, mà.”

Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó. “Káì! Ìka tí mo lè fi kó okùn sójú abẹ́rẹ́ yìí?” Ó yọ tépù lọ́rùn, ó wọn ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti ààbọ̀. “Háábà, nọ́ọ̀sì! Ẹni tó ń bá mi gé aṣọ, Ifẹ̀-Olúkòtún ló ń gbé. Kò mọ oníbàárà mi kankan, nọ́ńbà ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Bí mo bá lọ kọ ìka ránṣẹ́, ṣé kì í ṣe ṣòkòtò ọmọ ọwọ́ ló máa gé fún bàbá àgbà?”

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní odindi ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ìbéèrè kan ṣoṣo sọ, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé. Mo sáré jáde lọ sábẹ́ igi, mo pe Iye lórí fóònù. Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Iye, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìka mẹ́ta lé orí rúlà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi.”

“Kí ni wọ́n fún ẹ jẹ níbẹ̀?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti dókítà, mo sọ ti lẹ́tà, mo sọ ti ìka mi àti ìka rẹ̀. Mo ń retí èébú. “Dúró,” ló wí, ó sì pa fóònù.

Fọ́tò náà wọlé lórí Wáátsáàpù kí n tó ka ọgọ́rùn-ún. Rúlà aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni, ìka mẹ́ta sanra lórí rẹ̀, òrí tó fi ń pa ọmọ lára sì ń dán lára wọn. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: “Ìka mi nìyí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé obìnrin yẹn lọ.”

Mo sáré wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, bíi pé iná ń jó lẹ́yìn mi. Mo fi fọ́tò han dókítà, mo na ọwọ́ tèmi náà fún un, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi lódìlódì. Ó wo fọ́tò, ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó bá mi padà lọ. Òun fúnra rẹ̀ fi rúlà wọn egbò náà: márùn-ún àti ààbọ̀. “A jẹ́ pé ó ti sunkì,” ló wí, ó ń họ orí. Ṣùgbọ́n kò ya lẹ́tà rẹ̀. Ó ká a sínú àpò. “Mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Láti òní lọ, rúlà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, lójoojúmọ́, ẹni yòówù kó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá dín, kò lọ mọ́. Bí kò bá dín, lẹ́tà mi wà níbí.”

Ọ̀rẹ́ mi, o kò rí irú ọ̀sẹ̀ yẹn rí. A yọ fọ́ọ̀mù jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ará Makutu kọ “pupa”, ó kọ “omi: ó mọ níwọ̀n”, ó ní ẹ̀rín ń gbẹ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ìròyìn ti ká gbogbo wọ́ọ̀dù. Bí mo bá ti ń tú báńdéèjì, wọ́n á dákẹ́ bí àwọn tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò, obìnrin kan tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà á sì kígbe pé, “Mélòó lónìí?” Márùn-ún àti ẹyọ mẹ́ta, ìyẹn ìlà kéékèèké mẹ́ta lórí rúlà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Márùn-ún géérégé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, márùn-ún náà ló tún jẹ́. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Télọ̀ ń rán ọwọ́ aṣọ kan, kò gbójú sókè, mo sì rí i pé ibì kan náà ló ń rán, tó ń tú, tó tún ń rán. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí mẹ́rin àti ẹyọ méje.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Mẹ́rin àti ẹyọ mẹ́ta. Ó ka fọ́ọ̀mù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó yọ lẹ́tà lápò, ó ya á sí méjì. Ariwo tó sọ! Àwọn kan ń ṣe “Halelúyà”, àwọn kan ń ṣe “Alihamudulilahi”, aláìsàn tí a ní kó má dìde ti dìde ń jó. Ìyá Télọ̀ nìkan ni kò pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kúrò lórí ìrọ̀rí, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń dán ẹ̀rọ wò. Ìgbà náà ló sunkún.

Iye dé lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ó kí wa bó ṣe máa ń kí wa, ó ka fọ́ọ̀mù tán, ó bọ́ awò ojú. Lójú gbogbo ènìyàn ló ti ní, “Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ìka wọn nǹkan. Mi ò rántí pé èmi nìkan ni mo gbé ìka mi wáyé.” Ó ní kí n dúró síwájú kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù náà, òun fúnra rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ara mi yá gágá. Àmọ́ nígbà tí gbogbo wọn túká, ó dá mi dúró.

“Wọ́n ti kọ́ ẹ ní iléèwé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Iye.”

“O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́?”

Ó gbé ọwọ́ ńlá yẹn lé mi léjìká. “Má dákẹ́ mọ́. Bí mo tilẹ̀ fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, má dákẹ́.” Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà tó wúlò fún mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó gbà tó oṣù méjì sí i kí egbò náà tó pa ojú dé. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn: gígùn, òdo, fífẹ̀, òdo, omi, kò sí. Mo ti kọ lẹ́tà ìfẹ́ rí láyé mi, kò dùn mọ́ mi lọ́wọ́ tó òdo méjì yẹn.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò sórí fọ́ọ̀mù ń gba ẹnu wa lọ́wọ́ wa ni, pé wọ́n fẹ́ sọ gbogbo wa di ẹnì kan náà. Mo mọ̀ báyìí pé nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni. Dókítà kan wà tí kò mọ̀ mí, tí kò rí ọwọ́ mi rí, tí yóò ka ohun tí mo kọ lọ́la, tí yóò sì tìtorí rẹ̀ pinnu nǹkan lórí ara ẹlòmíràn. Ojú tèmi ni mo ń yá a. Bí mo bá fẹ́ fi bírò kan ìwé báyìí, mo máa ń bi ara mi pé ìka ta ni.

Mo lọ sí Kabba nígbà Kérésì tó kọjá, mo sì tajú kán rí Ìyá Télọ̀ lójú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí ọjà. Ó gbé ẹrù aṣọ sórí, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń yára lọ. Mo pè é, ariwo ọ̀kadà kò jẹ́ kó gbọ́. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń pè é, mo ń sáré. Mi ò lè bá a. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ṣe ń gbé e lọ.